Ọmọ tó mọ ṣéńjì kì í ṣe olódo

  

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní Nyanya fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí, ó sì ní kí n dá a lóhùn níbí kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11. Tí màmá bá lọ kó ọjà, òun ló ń jókòó ti ìsọ̀. Kò sí oníbàárà tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n nílé-ìwé, 8 nínú 40 ló gbà nínú ìṣirò, tíṣà sì pè é ní olódo lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá wá ní: "Admin, ṣé kí n kúkú mú un kúrò nílé-ìwé, kó gbájú mọ́ ọjà?"

Màmá, ẹ má mú un kúrò o. Orí tó ń bá yín ṣe ṣéńjì yẹn náà ló gbé lọ sílé-ìwé, kò pààrọ̀ orí lọ́nà. Ohun tí kò sí ni afárá láàárín ìṣirò ọjà àti ìṣirò ìwé. Àwa tí a wà nínú ìsọ̀ lè bá a kọ́ afárá yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Recife ní orílẹ̀-èdè Brazil. Terezinha Nunes àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí lọ bá ọmọ márùn-ún tó ń tajà, ọmọ ọdún 9 sí 15. Wọ́n ṣe bí oníbàárà: èló ni iye báyìí, èló ni ṣéńjì mi? Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-ìwé. Ọdún 1985 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Nínú ọjà, àwọn ọmọ náà gba bíi 98 nínú 100. Nígbà tó di nọ́ńbà lásán, bíi 37 nínú 100 ni.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, ń ta àgbọn ní 35 owó wọn. Èló ni mẹ́rin? Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, fi 35 kún un, 140. Ó gbà á. Wọ́n wá ní kó ṣe 35 lọ́nà 4. Ó ní 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20, kọ òdo sílẹ̀, gbé 2 lọ. Ó kọ́kọ́ ro 2 yẹn mọ́ 3, ó di 5, ó wá ní 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20. Ó kọ 200! Ọmọ kan náà, nọ́ńbà kan náà. Tó bá pe 200 fún oníbàárà, oníbàárà á pariwo. Ìwé kì í pariwo.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọmọ ọjà nìkan ló ní ìṣòro yìí. Ní 2025, Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde láti àwọn ọjà Kolkata àti Delhi ní India. Àwọn ọmọ ọjà ń ṣírò ọjà dáadáa, ìwé ń dà wọ́n láàmú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kì í tajà mọ ti ìwé jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ìṣirò ọjà dà wọ́n láàmú. Ìmọ̀ kan kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ́ sínú èkejì.

Ẹ wo bí àwa náà ṣe ń ṣírò. Ohun mẹ́rin, ₦450 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo apá ọ̀tún? A ó ní 500 mẹ́rin jẹ́ 2,000, yọ 50 mẹ́rin kúrò, ó ku 1,800. Èdè wa gan-an ń ṣírò bẹ́ẹ̀: 45 ni márùndínláàádọ́ta, ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Ọ̀nà yẹn tọ̀nà. Ti tíṣà náà tọ̀nà. Ọ̀nà méjì ló wọ ọjà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Ní Abuja níbí, oníbàárà ń bi ọmọ wa ní "nawa ne?", ilé ń sọ Yorùbá, tíṣà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fara balẹ̀ bá a túmọ̀ rẹ̀.

Ó yá, ohun tí a máa ṣe nìyí.

Èkíní, tí ọmọ bá dáhùn, yálà ó gbà á tàbí kò gbà á, ẹ bi í pé: "Báwo lo ṣe rò ó?" Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Èkejì, ẹ fún un ní bírò àti páálí, kó kọ ohun tó fẹnu sọ sílẹ̀. 500 lọ́nà 4, yọ 50 lọ́nà 4. Lẹ́yìn náà kó ṣe é bí tíṣà ṣe kọ́ ọ. Tí ìdáhùn méjèèjì ò bá dọ́gba, kó wá ibi tó ti yà.

Ẹ̀kẹta, tí iṣẹ́ àmúrelé bá dé, ẹ sọ nọ́ńbà yẹn di owó. Kó bi ara rẹ̀ pé: "Ṣé mo lè pe iye yìí fún oníbàárà?"

Ẹ̀kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá ọmọ létí lórí ìṣirò. Ẹni tó ń ṣírò ń di nọ́ńbà kan mú lọ́kàn kó tó rí èkejì. Tí ẹ̀rù ìgbátí bá gba àyè yẹn, nọ́ńbà á já bọ́.

Ẹnìkan á ní, "Admin, bàbá wa ò kàwé, wọ́n kọ́lé." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lóde òní, ẹni tó ń yáni lówó á ní èlé òun ò ju 5 nínú 100 lọ, lóṣù. Ẹ yá ₦200,000: ₦10,000 lóṣooṣù, ₦120,000 lọ́dún, owó gan-an ṣì wà ńlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìṣirò ìwé á rò pé 5 kéré. Ìṣirò ọjà ló ń mú ká má ṣì ṣéńjì san. Ti ìwé ló ń mú ká mọ bọ́yá ìsọ̀ ń jèrè tàbí ó ń kú lọ. Ọmọ yẹn nílò méjèèjì.

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀, kó bá a ṣe ìṣirò kan péré lọ́sẹ̀ yìí, kó sì fi fóìsì sọ bó ṣe rò ó ránṣẹ́ síbí. Ẹ má fi èébú kún un o. Ire á kàn wá.