Àyè Wà, Owó Dà? Ta Ni Yóò Gbọ́ Bùkátà Dókítà Tó Ń Kọ́ Ìmọ̀ Àkànṣe



Bí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ dókítà bá fọwọ́ sí i pé ilé ìwòsàn kan lè kọ́ dókítà mẹ́rin ní ìmọ̀ àkànṣe nípa àìsàn ọkàn, kò sí kọ́bọ̀ nínú ìfọwọ́sí náà. Ohun tó ń sọ ni pé olùkọ́ wà, aláìsàn wà, ẹ̀rọ wà. Ẹni tí yóò san owó oṣù àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ yìí ni mo bá wá, torí ibi tí owó náà ti jáde ló ń pinnu irú dókítà tí ìlú yóò ní.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Medicare, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù yìí. Ní 1997, òfin kan tí wọ́n fi ń dín ìnáwó ìjọba kù fi ààlà sí iye àyè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dókítà tí Medicare yóò máa sanwó fún. Iye tó wà nílẹ̀ ní 1996 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ìparí 2020 ni wọ́n tó ṣòfin pé kí 1,000 àyè kún un, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó sì ti parí residency àkọ́kọ́, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dókítà nínú ìmọ̀ àkànṣe, tó wá ń ṣe fellowship, ẹ̀kọ́ tó tún jinlẹ̀ sí i, ìdajì ènìyàn ni òfin kà á sí nínú owó tí wọ́n ń san tààrà fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kì í sáábà rí arúgbó tọ́jú, nítorí náà owó Medicare kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. 1999 ni wọ́n tó ṣe òfin àpò tiwọn. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ìwádìí tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ń fúnni tún wà, èyí tí wọ́n ń pè ní T32, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìgbélùú títí lọ ló wà fún. Dókítà tó ti Ìbàdàn lọ pẹ̀lú físà lásán kò lè jẹ nínú rẹ̀.

Kánádà ni ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù wà. Ó ti pẹ́ tí Saudi Arabia ti ń rán àwọn dókítà rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tó sì ń san bí 100,000 dọ́là Kánádà lọ́dún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó náà ń wọlé, àwọn dókítà náà ń ṣe iṣẹ́ òru ní Toronto àti Montreal, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹjọ 2018, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Kánádà kọ ọ̀rọ̀ sórí Twitter pé kí Saudi tú àwọn ajìjàǹgbara obìnrin tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Saudi lé aṣojú Kánádà, ó sì pàṣẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa bọ̀ nílé. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan dókítà gbọ́ pé kí àwọn palẹ̀ mọ́ kí oṣù tó parí. Àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé iṣẹ́ wọn tò kíákíá. Lẹ́yìn náà, Saudi gbà kí àwọn dókítà náà dúró ná, ṣùgbọ́n àyà ti já. Òkè lọwọ́ afúnni ń gbé. Dókítà kò ṣẹ̀, aláìsàn kò ṣẹ̀.

Nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ residency ti 2017 wà nílẹ̀, ó sì ní àpò owó ìdánwò àti kọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, nígbà tí NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó wà lẹ́nu residency, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2021, owó àpò yìí wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí jù ni àwọn tí à ń pè ní supernumerary. Wọ́n ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò sí nínú ìwé owó oṣù ilé ìwòsàn náà. Bí ìpínlẹ̀ tàbí iléeṣẹ́ ológun bá rán wọn wá, ẹni tó rán wọn ló ń sanwó. Ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó rán an. Ó ń ṣe iṣẹ́ òru bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, oṣù á parí, kò ní gba nǹkan kan. Àwọn kan ń pe èyí ní ọ̀nà ìnáwó mìíràn. Èmi kò gbà. Dókítà náà fúnra rẹ̀ ló ń gbé owó kalẹ̀, tòun ti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀.

Owó ilé iṣẹ́ oògùn? Kí wọ́n kó o sínú àpò kan lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àkànṣe àwọn dókítà, kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ má mọ ẹni tó mú un wá. Dókítà tí ilé iṣẹ́ kan bọ́ fún ọdún méjì yóò mọ orúkọ oògùn wọn ju orúkọ àbúrò rẹ̀ lọ.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni kí ìpínlẹ̀ rán dókítà tirẹ̀ lọ, kí dókítà náà sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò padà wá sìn. Ṣùgbọ́n àdéhùn kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó kọ́ ìtọ́jú kíndìnrín, tó padà dé tí kò bá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò gbà lọ, ìwé yòówù tó ti fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin gómìnà wa, ẹ má kàn kéde pé ẹ rán dókítà lọ. Ẹ jẹ́ kí owó gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wà ní báǹkì lórúkọ ètò náà kí ó tó wọ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ bíi UCH tàbí LUTH, kí ẹni tó bá gorí oyè lẹ́yìn yín má lè dá a dúró.