Títẹ Èdè Rọ́ṣíà àti Wíwá Ẹni Tí A Ó Máa Bá Sọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ èdè ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè ilé baba wa. Èdè Rọ́ṣíà ni. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan Yorùbá nínú èdè ilẹ̀ olótùútù bẹ́ẹ̀. Ó kàn wá. Ní ọdún 1960 ni wọ́n dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní Moscow fún àwọn ọmọ Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1961 ni wọ́n fi orúkọ Patrice Lumumba pè é. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ wa ti ń lọ kàwé ní ilẹ̀ náà. Nílé níhìn-ín pàápàá, èdè Rọ́ṣíà wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ́hùn-ún. Ọdún kan péré ni wọ́n fún un láti fi kọ́ èdè. Bí ó bá yege, kí ó bọ́ sí kíláàsì ìṣègùn. Bí kò bá yege, kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó máa bọ̀ wálé. Ọmọ náà ka ìwé, ó mọ òfin gírámà bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá gbé, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ. Bí ó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà sórí fóònù, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́. Ní oṣù karùn-ún, olùkọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan lójú gbogbo kíláàsì. Ìbéèrè náà yé e yékéyéké, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ èrìgì. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ohun tí a jọ rò, tí òun sì ṣe, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Èkínní ni ti ìtẹ̀wé. Lẹ́tà 33 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà: fáwẹ̀lì 10, kóńsónáǹtì 21, àti àmì méjì tí kò ní ìró tiwọn. Àwọn mìíràn jọ tiwa lójú, ṣùgbọ́n ìró wọn yàtọ̀. Н ni wọ́n ń pè bí n, Р bí r, С bí s. Ẹni tí ó bá rí РЕСТОРАН lára ògiri, tí ó ń pè é ní "pẹkitopa", ebi lè pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, nítorí "restoran" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ètò bọ́tìnnì wọn náà yàtọ̀. Ìlà òkè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Й, Ц, У, К, Е, Н. Ìlà àárín ni ìka ń sinmi lé: Ф, Ы, В, А fún ọwọ́ òsì, О, Л, Д, Ж fún ọwọ́ ọ̀tún. Bọ́tìnnì F àti J tí ó ní kókó kékeré lára, А àti О ni wọ́n dà níbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n ń lò lemọ́lemọ́ wà nítòsí ìka ìfábẹ̀lá; irú Ъ àti Э tí kò wọ́pọ̀, ìka ọmọńdinrín ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ètò mìíràn wà tí ń fi А sórí A, tí ó sì rọrùn fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ ilé ìkàwé wọn, ètò tiwọn ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà, ó sàn kí ó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ wa ya bọ́tìnnì náà sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìṣẹ́jú 15 ni ó fi ń tẹ̀wé lóòjọ́, kò sì gbọdọ̀ wo ìka. Ọ̀rọ̀ ìlà àárín ni ó fi bẹ̀rẹ̀: вода, èyí ni omi, жара, èyí ni ooru, правда, èyí ni òtítọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà mìíràn yóò gbàgbé láti yí ẹ̀rọ sí èdè Rọ́ṣíà, yóò fẹ́ tẹ привет, tí wọ́n fi ń kí ọ̀rẹ́, ghbdtn ni yóò sì rí. Kí ó má bínú. Àwọn onílé pàápàá ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ti alábàásọ̀rọ̀. Ìwé kò lè dáni lóhùn. Bí àpẹẹrẹ, замок: bí a bá tẹnu mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé olódi ni, bí a bá tẹnu mọ́ ìparí, àgádágodo ni. Wọn kì í sì í sábà fi àmì sí i nínú ìwé. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ṣé ẹ gbọ́? Bí a bá kọ igba láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá igbá omi ni, tàbí ìgbà òjò, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ?

Ìyá àgbà tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí ọmọ náà ń gbé ni ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí àwa ti ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi вы pọ́n àgbà lé. Ты ni ti ọ̀rẹ́ àti ọmọdé. Wọn kì í sì í pe àgbà ní orúkọ rẹ̀ lásán; orúkọ baba rẹ̀ ni wọ́n ń fi tẹ̀ lé e. Inú ìyá náà dùn, ó sì mú ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ń fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá. Wọ́n ṣe àdéhùn: ìdajì wákàtí fún Rọ́ṣíà, ìdajì wákàtí fún Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì í sọ, kí èkejì jẹ́ kí ó parí gbólóhùn kí ó tó tún un ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà lè rí alábàásọ̀rọ̀. Ẹ bi àwọn tí wọ́n ti kàwé lọ́hùn-ún rí, tí wọ́n ti padà sáàrin wa. Ẹ rántí pẹ̀lú pé wọ́n ń sọ èdè yìí ní Belarus, Kazakhstan àti Kyrgyzstan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin Rọ́ṣíà àti Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá pè wá lọ́rẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ ni a ó gbà gbọ́. Ẹ má ṣe fi ìwé ìrìnnà yín han ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ má sì ṣe buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ tí ẹ kò lè kà tán. Ìdí kan tún nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ èdè náà kà dáadáa.

Ní òpin ọdún, ọmọ wa yege. Kì í ṣe òun ni ó ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n ó wọ kíláàsì ìṣègùn. Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà Rọ́ṣíà tẹ̀ jáde ni lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ìyá ẹnu ọ̀nà, вы ni ó sì fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀wé ṣùgbọ́n tí kò lè la ẹnu, ẹ má ṣe pè é ní òmùgọ̀. Ẹ bá a wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.