Kí Ẹjọ́ Ilẹ̀ Tó Parí



Ẹjọ́ ilẹ̀ wà ní kóòtù, ẹnìkan sì ti ń kó búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ náà. Agbẹjọ́rò lè tọrọ àṣẹ ìdádúró fúngbà díẹ̀. Àṣẹ náà kò sọ ẹni tó nilẹ̀ o! Ó kàn ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ìjọba Èkó lé Ojukwu, olórí Biafra tẹ́lẹ̀, kúrò nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá ìjọba wí gidigidi: ìjọba pàápàá kò gbọdọ̀ fi agbára ṣáájú ìdájọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ àṣẹ yìí, kó tètè lọ. Adájọ́ á wò ó bóyá owó lè dí àdánù rẹ̀. Àṣẹ ìdádúró ni, kì í ṣe ìwé ilẹ̀.