Orúkọ Àwọn Ohun Tí Kì Í Pẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún)

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń gbọ́ ní irú ìpàdé yìí. Lónìí, a tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí owó ẹgbẹ́ kò lè rà, tí ó sì ń bọ́ lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Èyí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi ń pe ohun tí kì í pẹ́.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé irú ohun bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ní orúkọ. Kí ni a fẹ́ fi orúkọ ṣe fún ohun tí yóò ti lọ kí a tó pè é tán? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa dáadáa. Ìgbà díẹ̀ tí ojú fi ń ṣẹ́ ni a pè ní ìṣẹ́jú. Òun ni a wá fi ń ka àkókò lónìí, tí ọgọ́ta rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan. Nígbà tí a sì wá èyí tí ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú àáyá inú igbó ni a yá lò, a ní ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí a rí tí a kò rí tán, a ní a rí i fìrí. Obìnrin lè jẹ́ ìyàwó ní ilé ọkọ fún àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ péré ni yóò fi jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ewé ọ̀pẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí kò tí ì là, màrìwò ni; ní ọjọ́ tí ó bá là tán tí ó sì le, orúkọ náà bọ́ lára rẹ̀, ó di imọ̀. Imọ̀ yìí ni a sì fi ń bo àtíbàbà nígbà ayẹyẹ, tí a óò tún tú u ká nígbà tí àlejò bá lọ tán.

Àwọn àgbà ní ìdí tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Ohun tí kì í pẹ́ ni ó yẹ kí a tètè dá mọ̀, nítorí kò ní dúró de ẹni tí ó ṣì ń bèèrè. Adẹ́mu mọ ìdájí yàtọ̀ sí òwúrọ̀, nítorí ẹmu tí ó dùn ní ìdájí yóò ti máa kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn òjò, èsúnsún a tú jáde láti inú ọ̀gán, wọn a rọ́ bo iná àtùpà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyẹ́ nìkan ni ó kù nílẹ̀. Ìyá tí ó mọ ìgbà wọn ti gbé àwo omi sí abẹ́ àtùpà kí wọn tó dé.

Ti òjò ni ó tún ṣe pàtàkì jù. Àkọ́rọ̀ ni èyí tí ó ṣíwájú, tí ń ké sí àgbẹ̀ pé kí ó mú ọkọ́. Ọ̀wààrà ni èyí tí ń dà bí ẹni pé a yí garawa dànù. Àrọ̀kúrò ni èyí tí ń dágbére fún wa: ó lè pọ̀, ó lè rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan léraléra, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

A óò jẹ́wọ́ ohun kan níwájú yín. Nígbà tí àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ padà wálé láti ìlú ńlá tí a ti ń ṣiṣẹ́, a ní a óò dá oko àgbàdo lórí ilẹ̀ baba wa. Ìparí oṣù kẹwàá ni. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ rọ̀, inú wa sì dùn. Ìyá àgbà kan tí ń ti odò bọ̀ dúró ní etí oko, ó ní, "Ọmọ mi, àrọ̀kúrò mà ni èyí o." A dọ̀bálẹ̀, a ní, "Àmín, ìyá." "Kúrò" nìkan ni a gbọ́, a rò pé ó ń ṣàdúrà pé kí ibi kúrò lọ́nà wa ni! Ìyá wò wá títí, ó mirí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dájú pé ó rò pé a gbọ́, a kàn ṣe orí kunkun ni. A gbin gbogbo irúgbìn wa. Kí oṣù kọkànlá tó dé ìdajì, òjò ti dá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àgbàdo kò tí ì gbọ́mọ pọ̀n tí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ. Owó irúgbìn àti owó alágbàṣe wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá náà sọ, ó sì tó láti gba oko là. Àwa ni a kò ní etí tí a lè fi gbà á.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó pẹ́ ju ohun tí ó ń jẹ́ lọ. Àwọn ọmọ tí kì í dúró, àbíkú ni a pè wọ́n. Orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni a sì fi ń dá wọn dúró: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòkúmọ́. Lónìí a mọ̀ pé ibà, èéyi àti àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ baba àti ìyá ni ó pa púpọ̀ nínú wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílẹ̀. Dúrójayé ti di baba àgbà, ọmọ ọmọ ń kúnlẹ̀ kí i. Bí a bá gbàgbé ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, ta ni yóò mọ iye omijé tí ó ti dà ní agbolé wa?

Ìwé atúmọ̀ èdè tí àwọn C.M.S. tẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1913, àti èyí tí R. C. Abraham ṣe tí ó jáde ní ọdún 1958, ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ jọ fún wa. Ó yẹ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dúró ní etí oko kí ó kìlọ̀ fún ẹni tí ń gbin àgbàdo.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ yìí ní ohun mẹ́ta. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò jókòó ti àwọn àgbà, tí yóò fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, tí yóò sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé. Kí ìwé ìròyìn wa yìí ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dọọdún. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi, nígbà tí ẹ bá ń kí ìyá yín lórí fóònù, bi í léèrè orúkọ tí ó ń pe òjò tí ó rọ̀ ní ọjọ́ náà, kí àwọn ọmọ yín sì gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi í dọ̀la. Àwọn àgbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní wà pẹ̀lú wa títí láé. Kí ó má ṣe jẹ́ pé àrọ̀kúrò ni wọ́n ń wí fún wa, kí àwa sì máa ṣe àmín. Àmọ́dún á bá wa láyọ̀ o.