Ẹ Béèrè Fíìmù Àtijọ́

 

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ X-ray yíyà, kẹ́ ẹ tó tan ìtànṣán sí aláìsàn lára, ẹ béèrè fíìmù tó ti yà tẹ́lẹ̀.

Ọdún 1895 tí Röntgen rí X-ray nílẹ̀ Jámánì náà ni àwọn fadá dá iléewòsàn Lantoro sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta wa yìí. Nígbà tó di 1904, Clarence Dally tó ń bá Edison ṣiṣẹ́ ti kú. X-ray ló jẹ ẹ́ lọ́wọ́ títí wọ́n fi gé apá rẹ̀ méjèèjì. Ó pẹ́ tí ayé ti mọ ewu yìí. Àìmọ̀ kọ́ ló ń ṣe wá mọ́, owó ni.

Mo ṣiṣẹ́ rí nílé ìwòsàn aládàáni kan. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gbé ìwé CT ikùn wá. Mo bi í bóyá ó ti yà á rí. Ó fa fíìmù yọ láàárín aṣọ tó dì sínú ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yà á níbòmíì. Mo gbé e sójú iná: ẹ̀dọ̀ hàn, kíndìnrín hàn kedere. Mo mú un tọ dókítà lọ, kò tiẹ̀ wò ó. Ọ̀gá tó ra ẹ̀rọ jẹ báńkì lówó, iye orí tó bá wọlé ló ń kà. Mo ní mi ò yà á. Oṣù yẹn ò parí tí wọ́n fi ní kí n máa lọ.

Inú ṣì ń bí mi. Ìtànṣán inú CT ikùn kan lè tó ti 100 X-ray àyà! Ìdí aró ni wọ́n bí mi sí: bí a bá ṣe ń ri aṣọ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń dúdú sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewu ìtànṣán ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ lóòótọ́, ẹ yà á kíá, ẹ má fi ìbẹ̀rù pa á.

Torí oyún, ẹ bi obìnrin léèrè nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á, àmọ́ kì í ṣe lójú èrò. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ dúró tì kò ní sọ òtítọ́. Ẹ ní kí ìyá bọ́ síta ná.

Òfin ọdún 1995 tó bí NNRA, àjọ tó ń ṣàkóso lílo ìtànṣán ní Nàìjíríà, wà lẹ́yìn yín. Ìwọ tí wọ́n bá sì lé torí pé o kọ̀, wá bá mi nílé ní Ìtòkú. Èmi fúnra mi ni màá bá ọ wá iṣẹ́ míì.