Áísìkírímù Màmá
(Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, Missouri City)

Ọ̀rọ̀ áísìkírímù ni a bá wá o. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọ̀kan nínú wa ti Ìbàdàn wá láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Eyín Màmá kò ká ẹran mọ́, ẹ̀wà sì ń mú inú wọn wú. Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ lásán ni wọ́n ń jẹ. Kò pẹ́, ìró kò dúró nídìí wọn mọ́, wọ́n sì ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde. Áísìkírímù nìkan ni wọ́n ń béèrè fún, nítorí ó ń rán wọn létí Fan Yogo tí wọ́n ń rà fún wa lọ́wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ nígbà èwe wa. Àwa náà ń rà á fún wọn lójoojúmọ́. Àwa tí à ń kọ́ aráyé! Ọjọ́ tí a wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú tì wá.

Ìdajì ife áísìkírímù fanílà ní bíi gíráàmù 14 ṣúgà, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 2 lọ. Bẹ́ẹ̀, purotéènì ni kì í jẹ́ kí ẹran ara àgbà jò tán. Àgbà tó wọn kílò 60 nílò, ó kéré tán, gíráàmù 48 lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tilẹ̀ fẹ́ kó tó 60 sí 72.

A wá rántí pé yógọ́ọ̀tì dídì náà ni Fan Yogo. Kí ló dé tí a kò fi lè ṣe tiwa, kí a dín ṣúgà rẹ̀ kù? A gbé mílíìkì kaná títí ó fi gbóná dé 180 lórí òṣùwọ̀n ooru ti ìhín, a jẹ́ kó tutù dé 110, a po ṣíbí yógọ́ọ̀tì méjì mọ́ ọn, a sì fi aṣọ ìnura bò ó mọ́jú nínú ààrò tí a kò tàn. Lọ́jọ́ kejì, a dà á sínú aṣọ funfun mímọ́, a so ó rọ̀ sórí abọ́ nínú fíríìjì kí omi rẹ̀ ro dànù. Ta ni kò mọ bí a ti ń sẹ́ ògì nínú wa? Ẹni tí kò ráyè, kó ra èyí tí wọ́n kọ Greek sí lára, tí kò ní ṣúgà: gíráàmù 170 rẹ̀ ní bíi gíráàmù 17 purotéènì. A lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti dì, pẹ̀lú ṣíbí bọ́tà ẹ̀pà méjì, èyí tó fi bíi gíráàmù 7 kún un. Ìyẹ̀fun purotéènì olówó gọbọi tí wọ́n ń polówó, a kò rà á.

Àkọ́kọ́ tí a ṣe le bí òkúta. Màmá ní, “Ṣé eyín tí kò ká ẹran ni yóò fọ́ òkúta?” Ṣúgà àti ọ̀rá ló ń mú ti ilé ìtajà rọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ tiyín gbàrà tó bá kúrò nínú bùlẹ́ńdà, tàbí kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 bó bá ti fìrísà bọ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹyin tútù sí i. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ẹni tí mílíìkì ń dá inú rẹ̀ rú, yógọ́ọ̀tì lè bá a lára mu, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ ti jẹ nínú ṣúgà mílíìkì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mílíìkì sóyà tí kò ní ṣúgà wà.

Màmá ti padà sí Ìbàdàn, wọ́n sì gbé aṣọ asẹ́ wa lọ. A gbé díẹ̀ wá nínú kúlà tó wà lẹ́yìn yẹn. Èyí tó ní ẹ̀pà ló wà nínú ife pupa. Ẹ bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn kì í gba ẹ̀pà.