Fóònù Ọwọ́ Wa àti Ìnáwó Òwò: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Sọ ní Ìpàdé Dadin Kowa

  Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé lẹ́nu mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí iná jó ọjà ńlá Jos ní oṣù kejì ọdún 2002, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Gbogbo wa fọ́n ká. Oníbàárà ń wá wa, àwa náà ń wá oníbàárà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni. Nǹkan bí 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan. Bí o kò tilẹ̀ sọ ju gbólóhùn méjì lọ, owó odidi ìṣẹ́jú ni wọn yóò gbà. Ọdún 2003 ni Glo dé, tí ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kan náà lè jẹ owó ẹni, ó sì lè dá owó ẹni sí. Bí a bá ṣe lò ó ni.

Nígbà kan rí, bí mo bá fẹ́ ra aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn, mo ní láti di owó mọ́ra, kí n wọ ọkọ̀ lóru, kí n sì sùn síbẹ̀. Owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùsùn, orí aṣọ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ kò ṣeé fẹnu sọ mọ́. Nísinsìnyí, ìyá aláṣọ tí ń tà fún mi á fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, n ó mú èyí tí ó wù mí, n ó sì fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2020, 50 náírà àti owó orí díẹ̀ ni báǹkì ń gbà lórí owó tí ó bá ju 50,000 náírà lọ. Ìjọba náà ń gba 50 náírà tirẹ̀. Ẹ fi èyí wé owó ọkọ̀ Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi tán. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan ra aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó sì fi iṣẹ́ báǹkì hàn án lórí fóònù ara rẹ̀ pé òun ti sanwó. Ó gbé aṣọ lọ. Owó kò dé títí di òní. Èrè oṣù kan ló bá a lọ. Ẹ̀yin ará, ohun tí a kọ sínú fóònù oníbàárà kì í ṣe owó. Èyí tí ó bá wọ àpò báǹkì tiyín nìkan ni owó. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín ńkọ́? Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ tí ń bá yín tẹ fóònù.

Nítorí náà, àbá méjì ni mo mú wá. Èkínní, kí àwọn tí ń kó ọjà láti Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà máa fi iye ẹrù wọn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, kí ẹrù wa lè máa wá pọ̀ nínú ọkọ̀ kan, kí á sì pín owó rẹ̀. Èkejì, lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ wa tí ó mọ̀wé jókòó ti àwọn ìyá wa, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń wo owó tí ó wọlé. Kí àgbà kankan má ṣe tijú: abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọlọ́run yóò bùkún òwò wa.